Àdín Tí Àwọn Ọmọge Òyìnbó Ń Sáré Lórí Rẹ̀

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Àyèká, ní ọ̀nà Okitipupa.
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹta, 1994.

Jẹ́jẹ́lọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Èkó, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà, títí kan ìyá onílé yín tí kì í jẹ́ kí ẹ fọ aṣọ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì nìkan ni o ṣì ń jẹ? Bí o bá bèèrè èmi ìyá rẹ, orí ń bẹ lọ́rùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi pé ìbàdí ń dùn mí, irun mi sì pupa bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n màá dé orí ìyẹn láìpẹ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà tó gbà mú ọ kúrò nílé, ọ̀nà náà kò ní dí mọ́ ọn lójú nígbà tí yóò bá mú ọ padà. Àmín. Padà ka àdúrà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó máa bá ìwé lọ, nítorí mo ronú kí n tó kọ ọ́. Bí o bá sì rí ibi tí epo ti kan ìwé yìí, èmi náà rí i, ìwé mìíràn ni kò sí nílé.

Ilé tutù. Bàbá rẹ wà lóko ní Iyansan, ọ̀pẹ so lọ́dún yìí débi pé àwọn tó ń gùn ún ti ń ṣe fújà sí wa. Ewúrẹ́ rẹ tí o sọ ní Madam bí ìbejì, akọ kan, abo kan, abo náà gbé ìwà ìyá rẹ̀ wá sáyé, ó ti jẹ lára fìlà bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí n dárúkọ Oyèbádé nínú ìwé, o kọ ọ́ sí mi bẹ́ẹ̀ ní Kérésìmesì tó kọjá nígbà tí o ní o kò ní lè wálé, pé iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ náà ló pọ̀ ní Kérésìmesì tó ṣáájú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ọmọkùnrin náà ju ibi tó bá ti pọn dandan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá láti Ìjù-Odò jẹ púpurú wa, tí wọ́n sì pọ́n ọwọ́ lá, tó wá lọ gbé ìyàwó ní Àkúrẹ́ láìwẹ̀yìn, òun ló yẹ kí ojú tì, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo wá sá, òun ló ń gun alùpùpù kọjá níwájú ilé wa.

Kí n tó jókòó kọ ìwé yìí, mo kọ́kọ́ lọ pè ọ́ lórí tẹlifóònù ní Okitipupa, nọ́ńbà ọ́fíìsì yín tí o fi ránṣẹ́ ni mo mú lọ. Obìnrin kan ló gbé e. Ọmọ dáadáa ni, ohùn rẹ̀ tutù, òyìnbó ló ń sọ, mo sì kí i títí, mo bi í léèrè ilé àti ọ̀nà, mo ní kó bá mi sọ fún Jẹ́jẹ́lọlá ọmọ Aníwúrà pé ọdún Àjíǹde ń bọ̀, kó máa bọ̀ wálé. Ohun tó ti kọ́kọ́ sọ náà ló tún ń sọ, ló tún ń sọ, mo sì gbà pé ó ń kọ́ iṣẹ́ tí mo rán an sórí ni kó má baà gbàgbé. Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ wo ló máa ń bẹ̀bẹ̀? Nítorí mo gbọ́ sọ́rì lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá tíì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ, má bá a jà, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìwé gígùn gan-an ni fídíò Tíṣà Benedict. Tíṣà yìí ni ará Ìjẹ̀bú tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní girama. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó ló fi fídíò àti káséètì ránṣẹ́ sí i, ó sì pè wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn kí a wá wòran. Mọ̀dínátù ìyàwó Sàlàkọ́ wá, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta omi tútù àti omi dídì inú ọ̀rá. Yèyé Helen náà wá, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ tó dé ọjà tí kò kọ́kọ́ yà kí i nílé.

Eré ìje àwọn obìnrin ló wà nínú káséètì náà. Ọmọge bí mélòó kan ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí èèpo àgbàdo, yẹtí kò sí, ìlẹ̀kẹ̀ kò sí, akoto ni wọ́n dé sórí, wọ́n sì de ọ̀bẹ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà wọn, ọ̀bẹ gígùn o, irú èyí tí a fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo ní ta ló fi ọ̀bẹ sẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ? Kí n tó rí ẹni dá mi lóhùn, ọkùnrin kan yin ìbọn nítòsí wọn, wọ́n sì bẹ́ lu eré, ta ni yóò dúró? Wọn kò wá lọ ibì kankan o. Wọ́n ń yí po lójú kan náà bí àgùntàn tí a so mọ́ èèkàn, wọ́n tẹ̀ ba, ọwọ́ kan wà lẹ́yìn, bí wọ́n bá sì dé kọ̀rọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kejì kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Tíṣà ní eré kúkúrú ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí rẹ̀ ló gbà á. Mo ní bí ẹsẹ̀ wọn ti yá tó yìí, ká ní wọ́n kọjú sí ọ̀nà gbọọrọ ni, wọn ì bá ti dé Ọ̀rẹ̀ kí a tó jẹun tán.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Funfun ni, ó ń dán, ó sì ń yọ̀. Tíṣà ní omi dídì ni. Mọ̀dínátù tó ń ta omi dídì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ojúlé òun dé ìdíkọ̀ péré, omi dídì ti di omi ṣoroṣoro, ta ni yóò wá rí èyí tó fẹ̀ tó pápá ilé ìwé tí kò ní ti di ẹrẹ̀ kí wọ́n tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan? Èmi ti mọ ohun tó jẹ́ láti ìgbà tí mo ti fojú kàn án. Àdín ni. Àdín funfun, èyí tí a kò yan èkùrọ́ rẹ̀ dúdú, tó bá di àárọ̀ ọyẹ́ tí a ṣí ìkòkò, ṣé kì í funfun bẹ́ẹ̀ kó sì dì gbagidi? Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n dà á sílẹ̀, ọyẹ́ ìlú wọn sì mú un dì. Tíṣà fọwọ́ di orí mú. Mo ní kó má bínú, ìṣirò ni tirẹ̀, àdín ni tèmi. Ohun tó dùn mí ni iye àwọn obìnrin tí yóò ti jókòó pa èkùrọ́ kí ilẹ̀ yẹn tó kún, kí àwọn kan wá máa fi ọ̀bẹ ha á! Nítorí náà, jọ̀wọ́, bí o bá ráyè, yà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bá mi bèèrè ẹni tó ń ra àdín fún wọn, kí o sọ fún un pé a ní in ní Àyèká, tiwa kò ní ìdọ̀tí, Sàlàkọ́ sì ní òun yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Ọmọ kan wà nínú àwọn tó ń sáré náà tó wọ pupa, òun ló wà níwájú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé àgbọ̀n rẹ̀ jọ tìrẹ. Nígbà tó ku kọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú yakata, ó ń yọ̀ lọ lórí ìdí bí ọṣẹ, ó fi lọ kan ògiri, àwọn tó kù sì kọjá lára rẹ̀ láìkí i ní pẹ̀lẹ́. Mo kígbe. Ṣùgbọ́n fóòmù ni wọ́n tò yí gbogbo ògiri náà ká, fóòmù tó nípọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí orí rẹ̀ fọ́. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde. Gbogbo àwọn yòókù ti parí, kò sí ohun tó kù tí yóò gbà, síbẹ̀ ó sá eré náà parí, àwọn òǹwòran sì pàtẹ́wọ́ fún un ju èyí tí wọ́n pa fún ẹni tó gbà á lọ.

Tíṣà bá yí káséètì náà padà sẹ́yìn. Jẹ́jẹ́lọlá, ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ọmọ náà dìde nílẹ̀ láìfọwọ́tì, ó fi ẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti ń bọ̀, wọ́n sì tún yin ìbọn. Mo ní Ọlọ́run ṣeun tó tún fún un láyè. Mo dìde dúró, mo sọ fún un pé ọmọ mi, ṣọ́ra ní kọ̀rọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló mú ọ lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọ́, ibẹ̀ náà ló tún ṣubú sí. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ni. Mo bẹ Tíṣà kó bá mi fi òyìnbó sọ ọ́ fún un, bóyá Yorùbá mi ni kò yé e, Tíṣà ní kò sí èdè tí yóò gbọ́. Ọmọ náà lágídí, ní ti ìyẹn náà ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé iye ìgbà tó ṣubú ni iye ìgbà tó dìde, kò sí ìgbà kankan tó sùn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìgbà kankan tí fóòmù kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣètò eré yẹn ti mọ̀ pé ìṣubú wà nínú rẹ̀ kó tó pe ọmọ ọlọ́mọ wá. Mo ro èyí títí mo fi dáná alẹ́.

Yèyé Helen ló wá ní kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yangàn sí, tí wọ́n wọ bàtà ọlọ́bẹ tí wọ́n ṣì ń ṣubú lórí àdín lásán, àwa tí a bí sídìí ẹkù tí a ti ń fún epo, tí a ń fi ẹsẹ̀ òfo tẹ ẹyìn nínú epo láti kékeré, ta ló rí wa rí kí a ṣubú? Gbogbo wa ní òótọ́ ni. O mọ̀ pé lọ́dọọdún tí ẹyìn bá ti pọ́n, àríyànjiyàn ni lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lo ẹkù, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ fún epo ló ń mú oníbàárà tó dára. Mọ̀dínátù ní kí a kúkú sáré sí i, ẹni tó bá gbà á ni kó kọ́kọ́ lò ó lọ́dún yìí.

Ó di Sátidé, gbogbo Àyèká kún ìdí ẹkù. Láti ìgbà tí o ti wá gbẹ̀yìn, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tún etí kòtò tí a ti ń tẹ ẹyìn ṣe yíká, epo sì ti fà sí i lára, ó ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Igi tí a máa ń dì mú tí a bá ń tẹ ẹyìn ṣì dábùú lókè rẹ̀ bí o ti mọ̀ ọ́n. A ní ìgbà mẹ́rin ni a ó yí kòtò náà po, ọwọ́ kan lẹ́yìn bíi tàwọn ọmọge òyìnbó, ọwọ́ kejì lè kan igi ní kọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n to ìhá yíká dípò fóòmù, gbogbo pàǹtírí ẹyìn èsí tí a ti fún epo rẹ̀, wọ́n sì tò ó. A kò ní akoto, igbá ni a dé, a fi gèlè dì í mọ́rí. Mo wọ búbá funfun tí o rà fún mi, nítorí èrò yóò pọ̀. Sàlàkọ́ di ọmọrí ìkòkò méjì mú tí yóò lù mọ́ra dípò ìbọn. Èmi, Mọ̀dínátù, Yèyé Helen àti Títíladé, ìyàwó tuntun ilé kejì, ni a jọ tò.

Kí Sàlàkọ́ tó lù ú, Yèyé Helen yíjú sí mi, ó sọ ọ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́, pé Yèyé Ìyàwó Oyèbádé, rọra o, ọkọ ti yọ̀ bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí ilẹ̀ má lọ yọ̀ mọ́ ìyá lẹ́sẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti bí ọdún méjì nìyẹn, n kò sọ fún ọ rí. Lọ́jà, wọ́n á ní Yèyé Ìyàwó Oyèbádé, ìyàwó wa ńkọ́, ìgbà wo ló ń bọ̀? Ó ń dùn mí, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó wà dáadáa, màá sì ra ohun tí mo fẹ́ rà, màá máa lọ sílé.

Mo sáré, ọmọ mi. Inú ló ń bí mi, inú bíbí sì dára fún eré. Mọ̀dínátù ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè tẹ̀ ba, Títíladé ń tijú, Yèyé Helen ń mí lẹ́yìn mi bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tó ku kọ̀rọ̀ kan, èmi ni mo wà níwájú, ọwọ́ mi wà lórí igi, gbogbo èrò sì ń pariwo, Yèyé Ìyàwó Oyèbádé! Yèyé Ìyàwó Oyèbádé! Wọ́n rò pé ìyìn ni. Mo wá rò ó pé bí mo bá gbà á báyìí, orúkọ yẹn ni wọn yóò fi kọrin dé Ìjù-Odò, a kò sì ní gbọ́ tán títí ayé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Ìhá tí wọ́n tò, ẹ̀yìn ni wọ́n tò ó sí, kò sí ẹni tó rò ó pé inú ni èèyàn lè ṣubú sí. Mo já sínú ẹkù, sínú epo àti omi àti ẹyìn àjùmọ̀ní tí gbogbo wa jọ tẹ̀ láàárọ̀ láti fi ṣí ẹkù, mo rì dé ọrùn, igbá lọ ní tirẹ̀, gèlè lọ ní tirẹ̀.

O kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rí, Jẹ́jẹ́lọlá. Sàlàkọ́ ju ọmọrí ìkòkò nù. Yèyé Helen rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó jókòó sílẹ̀, òun náà kò parí eré. Títíladé ló gbà á, òun fúnra rẹ̀ kò tètè mọ̀. Èmi rántí ọmọ aláṣọ pupa. Mo di igi mú, mo gòkè, epo ń kán lára mi, mo fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, mo sì yí kòtò náà pé jẹ́jẹ́ lójú gbogbo wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o! Tíṣà Benedict ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ti di aláṣọ pupa, nítorí kò sí funfun kankan lára búbá yẹn mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Yèyé Bọ́sẹ́kù ni orúkọ mi. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè mí bẹ́ẹ̀, àní pásítọ̀ fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n fi ikọ́ bò ó. Ní Iyansan, wọ́n ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ kí n tó fọ ojú tán, òun sì ránṣẹ́ sí mi pé ṣé epo náà ṣì ṣe é tà. Lánàá yìí, Oyèbádé gun alùpùpù kọjá, èrò pọ̀ níbẹ̀, mo ń wo ẹnu wọn. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ. Ẹnìkan ní ẹ wo Yèyé Bọ́sẹ́kù, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in. Ọ̀rọ̀ rẹ ti tán nílùú, ọmọ mi, tèmi ló kù. Ìlú wa kéré, kò lè rín ẹ̀rín méjì pọ̀, èyí tí wọ́n ń rín lọ́wọ́ báyìí yóò sì tó wọn jẹ kọjá ọdún Àjíǹde dáadáa.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Bá mi wá owó díẹ̀, bó bá ti mọ, kí n fi ra búbá mìíràn, àti ọṣẹ òyìnbó tí ń bọ́ epo kúrò nínú irun, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti sú ọṣẹ dúdú. Má fi owó náà sí báńkì, wọ́n ní kí n mú fọ́tò mi wá, bí ẹni pé owó ni yóò wò mí kó tó gbà láti tẹ̀ lé mi. Má sì fi rán dírẹ́bà, dírẹ́bà máa ń gbàgbé. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, mo sì ti gbé fóòmù rẹ sá sóòrùn. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dé kọ̀rọ̀ tí kò ní fóòmù. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀, ilé ni yóò gbà ọ́. Wàá dìde, wàá sì parí tìrẹ, ayé yóò pàtẹ́wọ́, èmi ni n óò kọ́kọ́ pa á.

Èmi ni Yèyé rẹ,
Aníwúrà, tí wọ́n ń pè ní Yèyé Bọ́sẹ́kù.

Mo gbàgbé ohun kan. Tíṣà Benedict ń sọ kiri pé òun ń wò mí dáadáa lọ́jọ́ náà, pé mo ti jọ̀wọ́ igi kí ẹsẹ̀ mi tó yọ̀. Bí o bá dé tó sọ ọ́ fún ọ, má dá a lóhùn. Ẹni tó wo àdín tó ní omi ni, kí ni irú wọn lè rí?